Igi Kan Kì í Dágbó Ṣe: Àlàyé lórí Èèwọ̀ Ara-Ẹni nínú Obì Gbànja àti Àwọn Ọ̀gbìn Mìíràn

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣàlàyé ìdí tí igi obì gbànja fi lè kún fún òdòdó lọ́dọọdún kó má sì so. Ohun tó ń fa èyí ni àbùdá àjogúnbá kan tí kì í jẹ́ kí òdòdó gba lẹ́búlẹ́bú tó wá láti ara igi kan náà, tàbí láti ara igi tó bá a tan tímọ́tímọ́. A pe àbùdá náà ní èèwọ̀ ara-ẹni. A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò obì kan ní Airport Road, Sabon Gari, Kánò. A ṣàlàyé iṣẹ́ tí jíìnì ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, a fi obì wé kòkó àti àwọn ọ̀gbìn mìíràn, a sì sọ ọ̀nà tí àgbẹ̀ lè gbà yẹ oko rẹ̀ wò. Èrò wa ni pé bí ìmọ̀ yìí bá wà ní èdè tí àgbẹ̀ ń sọ nínú ilé rẹ̀, yóò gba oko là, yóò sì gba orúkọ ènìyàn là pẹ̀lú.

Ìfáárà

Ẹni tó bá gba Airport Road láti Sabon Gari lọ sí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Kánò ní ìrọ̀lẹ́ kò ní ṣàì rí àwọn tó ń ta obì lẹ́bàá títì. Wọ́n a fi àpò tó rin bò ó kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá kan, ọmọ Rẹ́mọ, tó ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Kánò. Ó gbọ́ Hausa bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. A ti ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó ní kí a jókòó, ó sì bi wá léèrè pé, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ṣé ìwé sọ ohun tó ń jẹ́ kí obì máa yọ òdòdó kó má so?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ó ṣe rò ó fún wa nìyí. Igi obì kan wà nínú oko bàbá rẹ̀ tó di olóògbé, lẹ́bàá Ṣàgámù. Igi náà ń so obì funfun tó tóbi, èyí tí àwọn oníbàárà Kánò máa ń du. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ rówó díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbin obì 80 sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kí wọ́n sì lọ́ ẹ̀ka igi ọlọ́lá yẹn sára gbogbo wọn. Ó fẹ́ kí gbogbo oko náà máa so irú obì kan ṣoṣo yẹn. Àwọn igi náà mọ́lẹ̀, wọ́n dàgbà, ewé wọn tutù. Wọ́n ti ń yọ òdòdó fún ọdún mẹ́rin báyìí. Òdòdó a yọ, òdòdó a rẹ̀ dànù. Igi bíi márùn-ún tó wà létí ààlà oko ni wọ́n ń rí obì ká lórí wọn.

Nílé, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n dì í rù. Wọ́n ní ilé ni aṣeni ń gbé. Ìyàwó kékeré tí bàbá wọn fẹ́ gbẹ̀yìn ni wọ́n nà án sí, pé òun ló so oko náà kọ́ nítorí pé wọn kò fún ọmọ tirẹ̀ nílẹ̀. Ìyá arúgbó náà ti kó kúrò nínú agboolé. Bàbá wa ti ṣètò owó tí yóò fi ránṣẹ́ kí wọ́n gé gbogbo igi náà, kí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò wọn.

Olùkọ́ èdè ni wá, a kì í ṣe onímọ̀ nípa ewéko. Ṣùgbọ́n a gbé ìbéèrè náà lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bàálójì, a sì ka ohun tí a rí kà. Ohun tí a bá bọ̀ ni pépà yìí dá lé. Ìdáhùn náà wà nínú ohun tí bàbá náà fúnra rẹ̀ ti sọ láìfura: àwọn igi tó wà létí ààlà so.

Obì Láti Gbànja dé Kánò

Oríṣi obì méjì ni Yorùbá mọ̀ jù. Obì àbàtà ni ti ilẹ̀ wa láti àtètèkọ́ṣe. Awẹ́ rẹ̀ máa ń tó mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni a sì ń lò níbi ètùtù, ìkómọjáde àti ìgbéyàwó. Obì gbànja ní tirẹ̀ máa ń ní awẹ́ méjì péré, òun sì ni obì ọjà, tí àwọn Hausa ń pè ní goro. Inú igbó Sierra Leone, Làìbéríà, Côte d'Ivoire àti Ghánà ni orírun rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá so mọ́ Gonja, ilẹ̀ kan ní àríwá Ghánà, níbi tí àwọn oníṣòwò Hausa ti máa ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru obì wá sí Kánò kí ọkọ̀ ojú irin tó dé.

Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò láàrin ọdún 1911 sí 1912. Sabon Gari bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùgbé àwọn àlejò tó bá iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ rélùwéè àti òwò wá. Láàrin àkókò kan náà ni àwọn àgbẹ̀ Agége, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ ń gbin gbànja lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e lọ sókè ọya. Bí Yorùbá ṣe ní Sabon Gari ní Kánò ni Hausa ní Sábó ní Ìbàdàn àti Ṣàgámù. Obì wà lára ohun tó so ìgbèríko méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, bí obì kò bá so ní Rẹ́mọ, ẹni tó wà ní Airport Road yóò gbọ́ ọ lára.

Bí Òdòdó Obì Ṣe Rí

Kí èso tó lè wà, lẹ́búlẹ́bú tó wà lára ẹ̀yà akọ òdòdó gbọ́dọ̀ dé orí ẹ̀yà abo. Lẹ́búlẹ́bú náà a yọ ọ̀pá tín-ín-rín kan bí ìgbà tí èso bá ń ta gbòǹgbò. Ọ̀pá yìí a gba ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀yà abo sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí ẹyin wà. Níbẹ̀ ni ti akọ àti ti abo yóò ti di ọ̀kan, tí èso yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi òdòdó méjì ni igi obì gbànja kan ṣoṣo máa ń yọ. Èkíní jẹ́ akọ pọ́ńbélé. Èkejì ní ẹ̀yà akọ àti abo pa pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abo ló ń ṣe. Àwọ̀ méjèèjì funfun ràkọ̀ràkọ̀, pẹ̀lú ìlà pupa dúdú nínú. Kòkòrò ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Ẹni tó bá wo igi kan tó ní akọ, tó ní abo, tí kòkòrò sì ń bà lé, yóò rò pé ohun gbogbo ti pé. Kò tíì pé. Nínú obì gbànja, lẹ́búlẹ́bú igi kan kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí òdòdó igi kan náà. Àwọn olùwádìí tún ti rí i pé àwọn igi obì kan wà tí wọn kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ lílọ́ igi ti wọlé. Bí a bá gbin èso obì 10 tí a ká lórí igi kan, ọmọ 10 ni a gbìn. Ìyá wọn lè jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó jogún tí ìkejì rẹ̀ kò jogún. Bí a bá gé ẹ̀ka 10 lára igi kan, tí a sì lọ́ wọn sára igi 10, a kò ní ọmọ kankan. Igi kan náà ni a fọ́n sí ojú ibi 10. Bí wọ́n ti jìnnà síra tó, ara kan ni wọ́n. Oko bàbá wa tó ní igi 80 kì í ṣe oko igi 80 ní ojú òdòdó. Igi kan ṣoṣo ni.

Àbùdá Tó Ń Ṣọ́nà

Báwo ni òdòdó ṣe ń mọ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn? Jíìnì ló ń sọ fún un. Jíìnì ni àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí, tó ń pinnu bí àwọ̀, gíga àti ìṣesí wọn yóò ṣe rí. Méjì méjì ni a ń jogún rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹni tó bá ti ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kó tó ṣègbéyàwó ti mọ èyí: AA, AS àti SS tí wọ́n ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò, jíìnì méjì ni lẹ́tà méjèèjì dúró fún.

Ní ọdún 1925, E. M. East àti A. J. Mangelsdorf ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú oríṣi tábà kan. Wọ́n rí i pé ojú kan wà nínú ohun àjogúnbá tábà tó ń ṣe iṣẹ́ aṣọ́nà. Àwọn onímọ̀ fi lẹ́tà S pè é. Kì í ṣe S ti àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde o. Lẹ́tà nìkan ló bá a dọ́gba. Oríṣi S tó wà láàrin àwọn ewéko pọ̀ gan-an, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà dá wọn mọ̀: S1, S2, S3 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ewéko kọ̀ọ̀kan ní méjì. Lẹ́búlẹ́bú kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹyọ kan péré nínú méjì náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú un bí ìdílé. Ká ní S1 àti S2 ni orúkọ ìdílé bàbá àti ìyá ewéko kan. Bí lẹ́búlẹ́bú bá bà lé orí ẹ̀yà abo rẹ̀, aṣọ́nà yóò bi í pé, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Bí ó bá jẹ́ S1, tàbí S2, a ó dá a padà, nítorí ọmọ ilé ni. Bí ó bá jẹ́ S3, tàbí S4, a ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tí ìṣirò náà ń bí nìyí:

Bí lẹ́búlẹ́bú bá ti ara ewéko S1S2 wá sórí ewéko S1S2, kò sí èyí tó máa wọlé.

Bí ó bá ti ara ewéko S1S3 wá sórí S1S2, ìdajì ni yóò wọlé, ìyẹn àwọn tó gbé S3.

Bí ó bá ti ara ewéko S3S4 wá sórí S1S2, gbogbo rẹ̀ ló lè wọlé.

Yorùbá kò ní ṣàì rí ojú ara wọn nínú èyí. Kí àwọn òbí wa tó gbà fún ọmọ láti fẹ́ra, wọn a kọ́kọ́ tọpinpin, wọn a béèrè orílẹ̀, wọn a béèrè èèwọ̀ ilé, kí ọmọ má baà fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Àfiwé lásán ni a ṣe, a kò fi dá àṣà ìgbéyàwó ẹ̀yà kankan lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè orílẹ̀ ti lóye ìlàjì ẹ̀kọ́ yìí.

Aṣọ́nà tí à ń wí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ní ọdún 1986, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà rí jíìnì tó ń ṣe purotéènì kan nínú ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀yà abo tábà. Ní 1989, ó hàn pé irú purotéènì yìí dà bí ọ̀bẹ. Ó ń wọ inú ọ̀pá tí lẹ́búlẹ́bú yọ, ó sì ń gé RNA inú rẹ̀, ìyẹn ìwé iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ohun tí yóò ṣe. Bí ìwé iṣẹ́ bá ti já, ọ̀pá kò lè gùn mọ́. Lẹ́búlẹ́bú àlejò ní ohun tó lè fi dá ọ̀bẹ yìí dúró. Èyí tó jẹ́ ọmọ ilé kò ní èyí tó bá ọ̀bẹ ilé tirẹ̀ mu.

Kí ni àǹfààní gbogbo wàhálà yìí fún ewéko? Charles Darwin kọ ìwé odidi kan lórí rẹ̀ ní 1876. Ó fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ ewéko, àwọn ọmọ tí a bí láti inú lẹ́búlẹ́bú ara-ẹni máa ń kéré sí àwọn ọmọ tí àlejò bá dá sí, wọn kì í sì í lágbára tó wọn. Àléébù tó fara pamọ́ nínú jíìnì máa ń jáde nígbà tí méjì tó jọra bá pàdé. Èèwọ̀ náà ń dáàbò bo ìran tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dín èso ti ọdún yìí kù.

Kòkó: Ibi Tí Aṣọ́nà Ti Jókòó Sínú Yàrá

Ìbátan obì ni kòkó nínú ẹbí ewéko, iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí èèwọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. S. C. Harland ló kíyè sí i ní Trinidad ní 1925 pé àwọn igi kòkó kan kì í so bí a bá fi lẹ́búlẹ́bú wọn sí wọn lára. R. Knight àti H. H. Rogers ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Tafo ní Ghánà, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní 1955. F. W. Cope sì ṣàlàyé ní 1962 bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ìyàlẹ́nu ni ohun tí wọ́n rí. Nínú tábà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá ọmọ ilé padà. Nínú kòkó, ọ̀pá lẹ́búlẹ́bú máa ń rìn dé ìdí ẹyin láìsí ìdíwọ́. Inú yàrá gan-an ni ìkọ̀sílẹ̀ ti ń wáyé: ti akọ dé, ti abo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní di ọ̀kan. Gẹ́gẹ́ bí jíìnì igi náà bá ṣe rí, ẹyin tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí nínú òdòdó kan lè jẹ́ ìdá 25, 50 tàbí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Òdòdó tó bá ti ní irú àwọn ẹyin bẹ́ẹ̀ nínú yóò já bọ́ láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Kì í ṣe gbogbo kòkó ló ní èèwọ̀ yìí. Kòkó Amelonado, tí àwọn baba wa kọ́kọ́ gbìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, máa ń gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi díẹ̀ fi lè di oko ńlá láìsí ìṣòro. Ní 1944, wọ́n kó ìran kòkó mìíràn wọ Tafo láti Trinidad. F. J. Pound ló ti lọ ṣa wọn jọ ní òkè odò Amazon láàrin 1937 sí 1938. Àwọn yìí yára dàgbà, wọ́n sì ń tètè so, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní èèwọ̀ ara-ẹni. Àwọn onímọ̀ yí ìṣòro náà padà sí àǹfààní. Bí a bá gbin igi tó ní èèwọ̀ sí àárín igi ìran mìíràn nínú oko tí a ti ń pèsè irúgbìn, gbogbo èso tó bá so lórí rẹ̀ ni a mọ̀ dájú pé àdàlù ìran méjì ni, nítorí kò lè so láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

Àwọn Ọ̀gbìn Mìíràn Tó Wà Láyìíká Wa

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ọ̀gbìn ló rí bíi ti obì. Ẹ̀wà tí wọ́n ń kó dé ọjà Sabon Gari ń gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, àní kí òdòdó rẹ̀ tó là tán. Tòmátì tí wọ́n ń fi omi ìsédò gbìn ní agbègbè Kura àti Kadawa, ẹyọ kan ṣoṣo lè so bó tilẹ̀ dá wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ lára àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń hù nínú igbó ní Gúúsù Amẹ́ríkà ṣì ní èèwọ̀.

Ànàmọ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní kúkúndùnkún, ní èèwọ̀ ara-ẹni, ó sì ní èèwọ̀ ìbátan. Ṣùgbọ́n kò yọ àgbẹ̀ lẹ́nu, nítorí ìtàkùn ni à ń gbìn, ohun tó wà nínú ilẹ̀ ni a sì ń jẹ. Ẹni tó fẹ́ bí ànàmọ́ tuntun láti inú èso nìkan ló máa ń bá èèwọ̀ náà pàdé. Kábéèjì náà ní i. Ti kábéèjì àti ànàmọ́ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tábà: àmì ewéko tó ni lẹ́búlẹ́bú ló wà lára lẹ́búlẹ́bú náà, nítorí náà orúkọ ìdílé méjèèjì tí bàbá rẹ̀ ní ni wọ́n lè fi dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ẹyọ kan tó gbé dání nìkan. Lórí awọ ẹnu ẹ̀yà abo ni wọ́n ti ń dá a padà.

Ẹ̀kọ́ kan jáde níbí tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ bàbá wa. Ọgbọ́n àgbẹ̀ Yorùbá ni pé kí a mú èyí tó dára jù, kí a sì gbìn ín káàkiri oko. Ọgbọ́n náà dára fún ẹ̀gẹ́, nítorí gbòǹgbò là ń jẹ. Ó dára fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò nílò lẹ́búlẹ́bú kó tó so. Ṣùgbọ́n èso gan-an ni à ń wá lára obì, èso náà kò sì lè wà láìsí àlejò. Ohun tí bàbá wa ṣe kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ọgbọ́n tó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu ló gbé lọ síbi tí kò bá obì mu.

Èèwọ̀ Ni, Kì í Ṣe Àìbáramu

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, a fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ tí a lò. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé ewéko náà kò bá ara rẹ̀ mu. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, yóò ṣi ènìyàn lọ́nà. Ohun tí kò báramu ni ohun tó yàtọ̀ síra jù. Níbí, bí wọ́n ṣe jọra jù ló fa ìkọ̀sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún ohun tó ṣeé ṣe ṣùgbọ́n tí a kò gbọdọ̀ ṣe nítorí ìbátan ni èèwọ̀. Nítorí náà, a dábàá èèwọ̀ ara-ẹni fún ìgbà tí igi bá kọ lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀, àti èèwọ̀ ìbátan fún ìgbà tí igi méjì tó jọ ní àmì kan náà bá kọ ara wọn.

A dán orúkọ náà wò lọ́dọ̀ bàbá wa ní Airport Road. Nígbà tí a pè é ní àìbáramu, ó ní, "Àwọn igi tí mo lọ́ láti ara igi kan? Wọ́n báramu dáadáa." Nígbà tí a ní èèwọ̀ ni, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Háà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni mo kó sínú ilé kan." A gbà pé orúkọ tó lè mú kí ẹni tí kò wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bàálójì rí sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun Tí Àgbẹ̀ Lè Ṣe

Kì í ṣe gbogbo obì tí kò so ni èèwọ̀ ń bá jà. Igi tí a gbìn láti inú èso lè tó bí ọdún 7 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Igi kan lè máa yọ òdòdó akọ nìkan fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀dá, òjìji tó pọ̀ jù àti kòkòrò ajẹgirun lè dín èso kù. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ yẹ oko rẹ̀ wò báyìí:

1. Kí ó béèrè ibi tí igi ti wá. Ṣé èso ni a gbìn, àbí ẹ̀ka ni a lọ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka, igi mélòó ni a ti gé e?

2. Kí ó wo òdòdó tó bọ́ sílẹ̀ àti èyí tó wà lórí igi, kí ó mọ̀ bóyá èyí tó ń ṣe iṣẹ́ abo wà níbẹ̀.

3. Kí ó wo ibi tí èso wà. Bí ó bá jẹ́ etí ààlà, níbi tí igi aládùúgbò wà nítòsí, ni igi ti ń so, èèwọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ fura sí.

4. Kí ó dán an wò. Kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àwọn òdòdó abo kan kí wọ́n tó là. Bí wọ́n bá là, kí ó mú òdòdó akọ láti ara igi kan náà, kí ó fi kan ẹnu ẹ̀yà abo bíi 20, kí ó so òwú pupa mọ́ wọn. Kí ó tún mú òdòdó akọ láti oko mìíràn, kí ó fi kan 20 mìíràn, kí ó so òwú dúdú mọ́ wọn. Kí ó bò wọ́n padà. Bí ti òwú pupa bá já dànù pátápátá, tí díẹ̀ nínú ti òwú dúdú sì dúró tí wọ́n ń wú, ọ̀rọ̀ ti yé.

Bí ó bá jẹ́ èèwọ̀, kò sí ìdí láti gé oko. Kí ó lọ́ ẹ̀ka láti ara igi ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn, tó ń so dáadáa, sára díẹ̀ nínú àwọn igi tó ti wà nílẹ̀. Kí ó ṣe é ní ìlà-ìlà, kí igi kọ̀ọ̀kan lè ní àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe fọ́n oògùn apakòkòrò nígbà tí òdòdó bá là, nítorí kòkòrò ni alárinà ìgbéyàwó náà. Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà ní Ìdí-Ayunrẹ́, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ń ṣe iṣẹ́ lórí obì pẹ̀lú kòkó. Ó dára kí ẹni tó fẹ́ dá oko obì tuntun béèrè lọ́wọ́ wọn àwọn ìran tó ń gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn, kí ó tó náwó.

Àgbálọgbábọ̀

Bàbá wa kò fi owó igi gígé ránṣẹ́ mọ́. Ó fi owó ẹni tí yóò bá a lọ́ ẹ̀ka láti oko aládùúgbò ránṣẹ́. Yóò gba ọdún díẹ̀ kí àwọn ẹ̀ka náà tó yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò lè lọ́ bí igi. Ìyá tí wọ́n pè ní ajẹ́ ti kúrò nílé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá náà sọ fún wa pé òun yóò lọ sílé fúnra òun, òun yóò sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ẹbí, nítorí ojú gbogbo ẹbí ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án.

Èyí ló mú kí a rò pé kò yẹ kí irú ẹ̀kọ́ yìí máa parí sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí kan sáyẹ́ǹsì, lédè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà. A dábàá pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jẹ́ kí ẹ̀ka bàálójì àti ẹ̀ka èdè jọ máa ṣe irú àlàyé yìí ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Ígbò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kọ́ni ní ìgbèríko sì máa gbé e lọ́wọ́ lọ. Ibi tí àlàyé kò bá sí ni ẹ̀sùn ti máa ń rí àyè jókòó.

Igi kan kì í dágbó ṣe. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́. Obì ń sọ ọ́ bákan náà lọ́dọọdún, pẹ̀lú òdòdó tó ń já dànù.